Bí a ṣe ń pinnu bóyá kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gba ọwọ́ ẹ̀yìn tó ti dàgbà

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí àwọn ọmọ Òkun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, tó wà ní Èkó, ní Àbújá àti ní ilẹ̀ òkèèrè ti ń múra àtiwá ṣọdún nílé, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dé iwájú àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti Kàbà dé Ìsánlú, àti láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀. Ẹnìkan á ti gbọ́ pé agbábọ́ọ̀lù kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún púpọ̀ ní líìgì ńlá ti kúrò lẹ́gbẹ́ rẹ̀, pé ọwọ́ ẹ̀yìn, ẹni tó ń dènà alátakò níwájú aṣọ́lé, ni ó ń gbá, pé ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa, àti pé ó ṣetán láti wá bá wa gbá. Lójú ẹsẹ̀ ni ilé á pín sí méjì. Àwọn kan á ní kí a gbà á nítorí orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì pa òwe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Àwọn tó kù á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tán, kí ó lọ sinmi.

Apá méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí wọ́n máa wọ̀n ni ilẹ̀ tó ń ṣófo láàrín òun àti aṣọ́lé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ alátakò. Bí ilẹ̀ yẹn bá kéré, ẹni ọdún 36 lè ṣọ́lé fún yín ju ọmọ ogún ọdún lọ. Bí ó bá gbòòrò, kò sí ọgbọ́n tí ó fẹ́ dá tí yóò fi lé atamátàsé ọmọ ọdún 19 bá. Ìlànà tí mo ṣe sísàlẹ̀ yìí wà fún àwọn alákòóso àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kékeré, àwọn tí owó wọn kò pọ̀ tó láti ra ẹni tí yóò jókòó lásán.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹgbẹ́ tiyín

Kí ẹnikẹ́ni tó pe agbábọ́ọ̀lù náà lórí fóònù, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ jókòó, kí wọ́n rántí àwọn góòlù tí wọ́n gbá wọlé yín ní sáà tó kọjá, kí wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tó gba òkè wọlé: kọ́nà, fírì kíìkì, tàbí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé láti ẹ̀gbẹ́ pápá tí alátakò sì fi orí kàn. Èkejì ni èyí tí wọ́n gbá sí ẹ̀yìn àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn yín tí atamátàsé wọn sì sáré bá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó mú ta, tí ẹni méjì dojú kọ alátakò kan ṣoṣo, tí ẹlòmíràn sì dúró lẹ́nu ilé láìsí ẹni tó rí i. Bí ó bá jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀kẹta ló pọ̀ jù, ẹ nídìí láti máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ, nítorí pé ìdúró, ìpè, àti mímọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀ ni ohun tí àgbà fi ń ju ọmọdé lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ti èkejì ló pọ̀ jù, ẹsẹ̀ tó yá ni ẹ ń wá, ẹni ọdún 35 kò sì ní in láti tà fún yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ wọn pápá. Òfin bọ́ọ̀lù gbà kí gígùn pápá wà láàrín mítà 90 sí 120, kí ìbú rẹ̀ sì wà láàrín mítà 45 sí 90, èyí tó túmọ̀ sí pé pápá kan lè fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ju òmíràn lọ kí méjèèjì sì bófin mu. Púpọ̀ nínú pápá ilé-ìwé tí a ń lò ní Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú ni kò fẹ̀. Nínú pápá bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀yìn tó mọ ibi tó yẹ kó dúró lè fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta dí ohun tí ẹlòmíràn yóò fi mítà mẹ́wàá lé. Ṣùgbọ́n bí ìdíje tí ẹ fẹ́ lọ bá máa gbé yín dé Confluence Stadium ní Lọ́kọ́ja, ẹ rántí pé ẹni tó tó yín gbà nílé lè má tó yín gbà níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣe pàtàkì sí yín jù máa wáyé, kí ẹ sì fi pápá ibẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n.

Ibi tí àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn yín ń dúró sí ló tún kàn. Kò sí ọfúsáìdì, ẹ̀ṣẹ̀ dídúró kọjá àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn alátakò, fún ẹni tó ṣì wà ní ìdajì pápá tirẹ̀ nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí i. Nítorí náà, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá yín bá fẹ́ràn kí gbogbo ẹgbẹ́ sún dé tòsí ìlà àárín kí wọ́n lè máa fún alátakò lọ́rùn, ó ń fi ilẹ̀ bíi mítà 40 sílẹ̀ lẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni tó bá lè sáré, àgbà tó wà níbẹ̀ ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tààrà bóyá ó ṣetán láti dá ìlà ẹ̀yìn padà. Bí ó bá ní òun kò lè yí ọ̀nà òun padà nítorí ẹnìkan, ó ti dáhùn ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Thiago Silva, ọwọ́ ẹ̀yìn ọmọ Brazil, fi èyí hàn ju àlàyé lọ. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 36 nígbà tí Chelsea gbà á ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, láìsan owó kankan fún ẹgbẹ́ tó ti ń bọ̀, pẹ̀lú àdéhùn ọdún kan tí wọ́n lè fi ọdún kan kún. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú West Brom ní oṣù kẹsàn-án, kò dùn ún gbọ́ rárá: òun ló kẹ́yìn nínú àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Callum Robinson gbé e sá lọ, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ayò mẹ́ta sí mẹ́ta ni wọ́n ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní wọ́n ti ra arúgbó. Nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Thomas Tuchel, dé ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó fi ẹni mẹ́ta sí àárín ẹ̀yìn, ó sì fi Silva sáàárín wọn, kí ẹni tó lè sáré wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Lóṣù karùn-ún, Chelsea gba ife Champions League. Àwọn tó ń pa ìtàn yìí máa ń dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó kù. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, West Brom yìí kan náà wá sí London, adájọ́ fún Silva ní káàdì pupa kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó pé ìdajì wákàtí, wọ́n sì lu Chelsea ní ayò márùn-ún sí méjì. Ní àṣekágbá pàápàá, ara kò jẹ́ kí ó gbá dé ìsinmi ìdajì kí wọ́n tó fi Andreas Christensen rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba àgbà gbọ́dọ̀ ra gbogbo èyí pọ̀: ọgbọ́n, ewu, àti ẹni tí yóò wọlé nígbà tí ara bá kọ̀.

Nítorí náà ẹ ka àwọn tó máa yí i ká kí ẹ tó ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ ti ní ọ̀dọ́ kan tó yára tí yóò máa gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù àárín kan tí kì í sá lọ síwájú láìwẹ̀yìn, àti aṣọ́lé tó ń jáde. Aṣọ́lé tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilé ni ọ̀tá ọwọ́ ẹ̀yìn àgbà, nítorí pé ilẹ̀ tó yẹ kí òun kó ni ó ń fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè sáré. Bí ẹ kò bá ní méjì nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹ fi owó náà wá wọn ná.

Ohun tí ọdún ń mú lọ

Eré àsápajúdé ló ń kọ́kọ́ lọ, kì í sì í padà wá. Èémí náà ń dín kù: agbára tí ara ní láti lo afẹ́fẹ́ nígbà iṣẹ́ líle ń fi nǹkan bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò fi ìdárayá sílẹ̀. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà mí fún ẹni tó ń gbá àárín ẹ̀yìn. Ohun tó yẹ kí alákòóso bẹ̀rù ni bí ara ṣe ń pẹ́ kí ó tó padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ọ̀dọ́ lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ó sì tún fẹ́ gbá lọ́jọ́ Ajé. Ẹni ọdún 35 tó bá dán irú rẹ̀ wò ń wá wàhálà fún iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀. Ìdíje ọdún Kérésì àti ti Àjíǹde níbí sì máa ń fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó wúlò fún líìgì tó ń lọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ lè máà wúlò rárá fún ìdíje ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣan ẹ̀yìn itan yìí gan-an, ohun méjì tó ń mú kí ó já jù ni ọjọ́ orí àti kí ó ti já rí. Ẹ má fi ojú fo ìkejì. Iṣan gìgísẹ̀ náà ń gbó: Javier Zanetti ti Inter Milan, tí àwọn ènìyàn rò pé ara rẹ̀ kì í rẹ̀, já tirẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2013 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 39. Ó padà sórí pápá ní oṣù kọkànlá. Oṣù méje fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sáà kan gbáko lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ pápá wa sì le ju ti Milan lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí yangí ti gbẹ tí bọ́ọ̀lù sì ń ta bí ẹni pé ó lu símẹ́ǹtì. Lójò, ẹrẹ̀ ń dá àwọn atamátàsé náà dúró, nítorí náà àgbà a máa rọrùn lò díẹ̀ ní oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ju oṣù kejìlá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kejìlá yìí ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ rí i.

Bí ẹni náà bá ti ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn ẹ̀gbẹ́, ọ̀tún tàbí òsì, ẹ má gbà á fún ipò yẹn láéláé. Ibẹ̀ ni a ti ń sáré lọ sáré bọ̀ jù láàrín àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn. Ẹ bi í bóyá ó ti gbá àárín rí. Paolo Maldini bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì sún wá sí àárín bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọmọ ọdún 38 ni nígbà tí ó gbé ife Champions League gẹ́gẹ́ bí balógun AC Milan ní Athens ní 2007. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ yín yóò tún dárúkọ Pepe ti Portugal tó gbá ìdíje Yúróòpù ọdún 2024 lẹ́ni ọdún 41. Òótọ́ ni. Àmọ́ Pepe kì í sùn sórí ìjókòó bọ́ọ̀sì kí ó tó wọ pápá, ó sì ní dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wo ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù lọ. Ẹ má fi í ṣe àríyànjiyàn.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò

Ẹ wá ọjọ́ orí rẹ̀ tòótọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé ọdún tó wà nínú ìwé agbábọ́ọ̀lù lè yàtọ̀ sí ọdún tí ìyá rẹ̀ bí i. Àwọn kan á ní kí wọ́n gbé e lọ ya àwòrán ọrùn-ọwọ́ bí FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìdíje àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ ní ọdún 2009, èyí tí wọ́n gbá ní Nàìjíríà níbí. Àwòrán yẹn kò lè ràn yín lọ́wọ́: bóyá egungun ọrùn-ọwọ́ ti dì pọ̀ tàbí kò tíì dì ni ó ń fi hàn, ti ẹni ọdún 32 àti ti ẹni ọdún 39 sì ti dì tipẹ́. Ohun tó dára jù ni kí ẹ béèrè ọdún tó jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ jáde, nítorí pé nílẹ̀ wa kò sẹ́ni tí kò ní ẹgbẹ́. Ẹ fi sùúrù béèrè. Kì í ṣe láti dójú tì í, bí kò ṣe láti mọ iye ọjọ́ ìsinmi tí ẹ ó máa fún un.

Ẹ má wo fídíò tí aṣojú rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni lè ní ìṣẹ́jú mẹ́ta dáadáa nínú ọdún mẹ́ta. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì gbìyànjú láti wò ó lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìdí rẹmi. Kí ó fi ojú sílẹ̀ lára bọ́ọ̀lù, kí ó máa wo ọkùnrin náà. Ṣé ó ń bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé? Ṣé ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan tí yóò fi lè yípo kíákíá, tàbí ó dojú kọ alátakò gbọnrangandan? Ọwọ́ ẹ̀yìn àgbà tó dára kì í sábà sáré, nítorí pé ó ti kúrò níbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń fi gbogbo ìgbà wó lulẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, tí àwọn òǹwòran sì ń pàtẹ́wọ́ fún, ń pẹ́ dé ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 70, kí ó wo bóyá ìlà ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn nítorí rẹ̀, bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ alátakò mú, àti bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Àgbà tó dákẹ́ ti rẹ̀.

Ẹ wá mú un wálé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbóná dáadáa, kí ó sáré mítà 30 lẹ́ẹ̀mẹfà, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láàrín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan máa fi aago ka àkókò, kí òmíràn sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọmọ tó yára jù nínú àwọn atamátàsé yín bá a sá a, kí ẹ lè mọ bí àlàfo wọn ṣe tó. Àkókò eré àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí ẹ̀kẹfà ṣe jìnnà sí àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn náà kí ó bá yín gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdánrawò fún wákàtí kan, kí àwọn ọmọ sì máa gbá bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀tún, ní òsì, àti lókè orí rẹ̀, kí ẹ lè rí ẹ̀gbẹ́ tí kò lè yí sí mọ́. Ọjọ́ kejì, kí ó sinmi. Ọjọ́ kẹta ni ìdánwò gan-an: kí ó tún sáré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà. Ẹni tí àkókò rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta fara jọ ti ọjọ́ kìíní lè sìn yín fún sáà kan. Ẹni tó ní ìtan ń dun òun díẹ̀, tó sì rẹ́rìn-ín, tó ní kò séwu, ti sọ òtítọ́ fún yín láìmọ̀.

Ní ti dókítà, ẹ ṣe é kí ẹ tó buwọ́ lùwé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ sọ pé àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí yóò fìdí múlẹ̀ bí àyẹ̀wò ìlera bá yọrí sí rere nìkan. Ẹni tó bá buwọ́ lùwé kí ó tó yẹ ara wò ti di agbábọ́ọ̀lù yín tòun ti orúnkún rẹ̀. Yálà ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ ló súnmọ́ yín tàbí ti ìjọba ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí wọ́n sì bi dókítà léèrè bí wọ́n ṣe lè ṣe ìdánwò ECG tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn. Lára àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 35, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn tó dí ló sábà máa ń fa kí ènìyàn ṣubú lulẹ̀ lójijì lórí pápá, èyí sì yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀dọ́ tó sábà máa ń jẹ́ àbùkù tí wọ́n bí mọ́ wọn. Kò sí ife tí ó tó kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Ẹ̀gbọ́n láàrín àwọn ọmọdé

Ohun kan wà tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá òyìnbó kò ní láti ro tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún 19 kì í pàṣẹ fún ẹni tó ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ipò aṣọ́lé kò ju pípa àṣẹ lọ. Mo ti rí ibi tí aṣọ́lé ti ń wá ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí yóò fi sọ pé kí Ẹ̀gbọ́n kúrò lọ́nà, tí bọ́ọ̀lù sì ti wà nínú àwọ̀n kí ó tó rí i. Ẹ yanjú rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì jẹ́ pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé tí àwọn bá ti wọ pápá, kí wọ́n pe òun lórúkọ, kí wọ́n pariwo mọ́ òun, kí wọ́n má sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn rẹ̀. Níta pápá, kí wọ́n máa kí i bí wọ́n ti ń kí àgbà. Bí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ yìí, tàbí tí ó sọ ọ́ tí ojú rẹ̀ sì le, kì yóò ràn yín lọ́wọ́, bó ti wù kí eré rẹ̀ mọ́ tó.

Ewu kejì ni pé àwọn ọmọ á dákẹ́, wọ́n á máa dúró de ohùn rẹ̀, bí wọ́n bá sì gbé e jáde ní ìṣẹ́jú 65, ìlà ẹ̀yìn á dà bí ilé tí bàbá ti rìnrìn àjò. Láti ìgbà ìdánrawò àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti yan ọ̀dọ́ kan tí yóò máa pe ìlà nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bá jókòó, kí ó sì máa pè é ní ìdajì àkókò ìdánrawò bí àgbà náà tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Lójú tèmi, ìjókòó àwọn arọ́pò gan-an ni ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń wúlò jù fún ẹgbẹ́ kékeré, bí ó bá gbà láti jókòó. Stephen Keshi jẹ́ ọmọ ọdún 32 nígbà tí ó gbé ife Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí balógun Super Eagles ní Tùnísíà ní 1994. Ní 2013, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà, Joseph Yobo tó jẹ́ balógun rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún 32 bákan náà. Síbẹ̀ ní àṣekágbá, Godfrey Oboabona àti Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19, ni Keshi fi sí àárín ẹ̀yìn. Yobo wọlé nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí, góòlù Sunday Mba sì ti mú kí ife náà jẹ́ ti Nàìjíríà. Ọdún tó tẹ̀lé e, ní ife àgbáyé ní Brazil, Oboabona fara pa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Iran kí ìdajì wákàtí tó pé dáadáa, Yobo wọlé, Iran kò gbá bọ́ọ̀lù kankan wọlé, Bosnia náà kò gbá ọ̀kan wọlé, a sì dé ìpele kejì. Pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òun ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé ara wa. Mo ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì tún sọ pé Keshi ṣe é dáadáa: ẹni tó ní ọgbọ́n tó bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó, tí kò bínú, tó sì ṣetán lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, ṣòroó rí.

Nítorí náà, ẹ bi ọkùnrin yín ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó: bí a bá lò ọ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ṣé wàá wá? (Ẹni tó bá dàgbà jù ú lọ ni kí ó bi í, kí ó má baà dà bí ìwọ̀sí.)

Owó àti ìwé

Ẹ má san owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: díẹ̀ fún ilé gbígbé àti oúnjẹ, èyí tó pọ̀ jù fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbá tàbí tí ó jókòó fún, àti èyí tó kù ní ìparí sáà. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju ohun tí ẹ ń fún ọ̀dọ́ mẹ́ta lọ, ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ náà yóò gbọ́, nítorí pé kò sí àṣírí owó nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ ìlú tó wà lókè òkun tó fẹ́ fi owó tirẹ̀ san ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà ṣeun. Kí ó fi í ránṣẹ́ sí àpò ẹgbẹ́. Agbábọ́ọ̀lù tí ẹnìkan ń sanwó fún lẹ́yìn ìgbìmọ̀ ti ní ọ̀gá méjì, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò sì ní lè fi í jókòó mọ́.

Sáà kan ni kí àdéhùn jẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó bá gbá ni yóò sọ bóyá ẹ ó fi ọdún kejì kún un. FIFA gbà kí àdéhùn gùn tó ọdún márùn-ún, àmọ́ ẹni tó bá fún ẹni ọdún 35 ní ju ọdún kan lọ ń ṣe àánú ni. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ti ń bọ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé kò tíì gbá fún ẹgbẹ́ méjì mìíràn láàrín sáà kan náà, nítorí pé òfin FIFA gbà kí a forúkọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ mẹ́ta ní sáà kan, ṣùgbọ́n méjì péré ni ó lè gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gidi fún. Ohun kan dùn nínú rẹ̀: bí ó bá ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, torí pé ẹ̀tọ́ yẹn ti parí láti ìparí ọdún tí ó pé ọmọ ọdún 23.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò sínú ìwé náà. Ẹni tó mọ ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja, pẹ̀lú àwọn tírélà tó ń ti Obajana kó símẹ́ǹtì, mọ̀ pé wákàtí tí a ó lò lójú ọ̀nà kò ṣeé sọ. Ẹ̀yìn àti itan tó ti ká mọ́ ìjókòó bọ́ọ̀sì láti òwúrọ̀ kò ní ṣí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Yálà kí ẹ lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú, tàbí kí ẹ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé àti èyí tó wà nítòsí ni ẹ ó máa lò ó fún.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá

Ẹ sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, kí àgbàlagbà kan nínú ìgbìmọ̀ sì sọ ọ́ fún un lójúkojú. Ẹ má fi í lé akọ̀wé ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ fún un ní owó ọkọ̀ àti owó ọjọ́ mẹ́ta tí ó lò. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọ̀nà tí ó fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú owó tó mọ́yán lórí, torí pé ìdúró àti ìpè tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣeé kọ́ láìjẹ́ pé ó wọ bàtà. Bí ó bá jẹ́ pé àna tàbí ọ̀rẹ́ ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ ni, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ àkókò eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí, ti ọjọ́ kìíní àti ti ọjọ́ kẹta, lọ fi han onítọ̀hún ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.